Òṣùwọ̀n Tí Ẹ Fi Wọn Tiwa, Ẹ Fi Wọn Tiyín: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Ṣe Bùráúsà

Sí àwọn aláṣẹ Google, Apple, Mozilla àti Microsoft.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ayàwòrán ni mí ní Ṣómólú, àdúgbò tí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ìlú Èkó. Bánà ìsìnkú, káàdì ìgbéyàwó, páálí ọṣẹ, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́: àwa la máa ń yà á kó tó dé orí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Tẹ́lẹ̀, sọ́fítíwíà tí a gbé sínú kọ̀ǹpútà la fi ń ṣe é. Lónìí, púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti kó wọ inú bùráúsà: Canva, Photopea, Figma. Ibẹ̀ la ti ń jẹun báyìí. Ìdí nìyí tí ìyára bùráúsà fi kàn wá ju bó ṣe kan ẹni tó kàn fẹ́ ka ìròyìn lọ.

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí mo fẹ́ kí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ kà á. Ẹ̀yin náà ò ní ṣàìgbọ́: láti oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Google ti fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ìtúmọ̀ rẹ̀ ń túmọ̀.

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Google ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Lighthouse, inú Chrome gan-an ló wà. Òun la fi ń fún àwọn tó ń ṣe ìkànnì ní máàkì. Bí Lighthouse bá fẹ́ wo bí ìkànnì kan yóò ṣe rí lórí fóònù, ṣe ló máa ṣe bí ẹni pé fóònù Moto G ni wọ́n fi ṣí i, fóònù tí owó rẹ̀ kò ga. Ó máa dín ìyára ẹ̀rọ kù títí yóò fi di ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì máa fún íntánẹ́ẹ̀tì pa kó má ju mẹ́gábíìtì 1.6 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ń rán àwọn oníkànnì létí pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló lówó lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Google fẹ́ kéde ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 pé Chrome ti gba máàkì tó ga jù lọ nínú ìdánwò Speedometer 3, MacBook Pro M4 ni wọ́n fi ṣe ìdánwò ọ̀hún. Moto G lẹ fi wọn iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn, MacBook Pro lẹ fi wọn tiyín. Ẹ̀bẹ̀ mi ò ju pé kí òṣùwọ̀n náà di ọ̀kan.

Bí a ti ń sunkún, a máa ń ríran. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe láti bí ogún ọdún kì í ṣe kékeré. Ní 2004, Apple fi canvas, pátákó tí ìkànnì lè ya nǹkan sí, sínú WebKit, ẹ́ńjìnnì tó ń gbé bùráúsà Safari rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní Mozilla, Vladimir Vukićević ń dán an wò bóyá pátákó náà yóò gba àwòrán 3D. Ibi ìdánwò yẹn ni WebGL ti ṣẹ̀, tí ẹgbẹ́ Khronos fi ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ léde ní oṣù Kẹta ọdún 2011. Láti ìgbà náà ni ìkànnì ti lè fa iṣẹ́ lé GPU, apá kọ̀ǹpútà tí a ṣe fún yíyàwòrán, lọ́wọ́ láìjẹ́ pé a fi ohunkóhun kún bùráúsà. Ní 2017, WebAssembly wọ inú bùráúsà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yín, àwọn sọ́fítíwíà ńlá tí wọ́n fi C++ kọ sì rí ọ̀nà wọ inú táàbù. Àwọn tó ṣe Figma sọ lọ́dún yẹn pé àkókò tí áàpù àwọn fi ń ṣí ti wá sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí Adobe sì pa Flash, àfikún tí a máa ń fi sínú bùráúsà tẹ́lẹ̀, tì ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò lówó sọ́fítíwíà lè ṣí Photopea lónìí, kó ṣí fáìlì PSD tí oníbàárà fi ránṣẹ́, kó tún un ṣe láìsan kọ́bọ̀. A dúpẹ́ fún ìyẹn, tọkàntọkàn.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tí irú iṣẹ́ yìí ń gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ojú kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò máa ń tún ara rẹ̀ yà nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pín in, yóò ku nǹkan bí ìdá 16.7 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá fún àwòrán kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìgbà yẹn ni bùráúsà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọwọ́ mi ṣe lórí máòsì, kó ṣírò ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan yóò wà, kó kun píksẹ́lì, kó sì gbé gbogbo rẹ̀ sójú kọ̀ǹpútà. Bó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán á máa já. Mo fa orúkọ ìyàwó láti apá òsì sí àárín káàdì, ọwọ́ mi á ti dé, orúkọ á ṣì ń bọ̀.

Ìwọ̀n iṣẹ́ náà ńkọ́? Pósítà A3 tí a fẹ́ tẹ̀ ní 300 dpi jẹ́ píksẹ́lì 3508 ní ìbú, 4961 ní gígùn. Ìyẹn lé ní mílíọ̀nù 17. Báìtì mẹ́rin ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà, torí náà léyà kan ṣoṣo tó kún ojú pósítà yóò jẹ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 70. Léyà mẹ́wàá jẹ́ mẹ́gábáìtì 700, ká má tíì ka àwọn ẹ̀dà tí áàpù ń tọ́jú pamọ́ kí a lè padà sẹ́yìn bí a bá ṣàṣìṣe. Oníbàárà tó ní kí a fi fọ́tò bàbá àgbà sí ẹ̀yìn, kí a fi òdòdó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a fi òjìji sí abẹ́ lẹ́tà, kò mọ̀ pé mẹ́gábáìtì lòun ń kà sílẹ̀.

Láàpútọ́ọ̀pù tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣe é, tòkunbọ̀ ni, láti Computer Village ní Ìkẹjà. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà ti lò ó títí ó fi sú wọn kó tó wọkọ̀ ojú omi wá. RAM rẹ̀ lè jẹ́ 4GB, bí Ọlọ́run bá ṣàánú 8GB. GPU rẹ̀ jẹ́ ti Intel tó wà lára CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kò ní mẹ́mórì tirẹ̀, inú RAM yẹn náà ló ti ń bù. Windows ti mú ìpín tirẹ̀, bùráúsà ti mú tirẹ̀, WhatsApp sì wà ní ṣíṣí ní táàbù kejì torí ibẹ̀ ni oníbàárà ti ń pè. Ohun tó kù kò tó pósítà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í mọ̀ ọ́n gún, mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá mọṣẹ́ bí idán, ẹ̀rọ yìí á ṣì fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn. Ìyẹn ò bí wa nínú.

Ìdákẹ́ ló ń bí wa nínú. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú bùráúsà yín, tó kún fún orúkọ GPU àti dráífà (sọ́fítíwíà tó ń darí GPU) tí ẹ ò fọkàn tán. Bí ti ẹ̀rọ mi bá wà níbẹ̀, bùráúsà kò ní gbé iṣẹ́ fún GPU náà mọ́, tàbí kó gbé díẹ̀ fún un kó fi ìyókù sílẹ̀. CPU ni yóò wá máa kun píksẹ́lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Chrome fi SwiftShader ṣe èyí, Firefox náà sì ní ẹ̀dà WebRender tí kò nílò GPU rárá. Iṣẹ́ kò ní dúró, ṣùgbọ́n á máa wọ́ bí ìgbín. Fáànù á máa pariwo, abẹ́ láàpútọ́ọ̀pù á gbóná, bátìrì á máa sọ̀ kalẹ̀. Bùráúsà kò ní sọ gbólóhùn kan.

Kí lẹ rò pé ẹni tó ń lò ó yóò ṣe? Á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, á ra dátà sí i. Á ní fáírọ́ọ̀sì ni, á gbé ẹ̀rọ lọ fún ẹni tí yóò pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, tí yóò sì gbowó. Á ní Chrome ni kò dára, á yọ ọ́, á fi Opera rọ́pò, kò sì ní mọ̀ pé Opera ti ń lo ẹ́ńjìnnì Chrome láti 2013. Gbogbo ìnáwó yìí ni gbólóhùn kan ṣoṣo lójú bùráúsà ì bá ti gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé ìdáhùn wà nínú bùráúsà, àmọ́ ẹni tó bá ti mọ ojú ọ̀nà nìkan ló lè dé ibẹ̀. Bí èèyàn bá kọ chrome://gpu síbi tí a ń kọ àdírẹ́sì nínú Chrome, yóò rí àtòjọ gígùn kan. Níwájú ohun tí GPU ń ṣe, wọ́n á kọ “Hardware accelerated”, níwájú èyí tó já lé CPU léjìká, wọ́n á kọ “Software only”. Nínú Firefox, about:support ni, níbi ìlà tí wọ́n pè ní Compositing. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nìyẹn kó tó mọ bí a ṣe ń gé fọ́tò. Ẹ̀yin tí ẹ kọ ojú ewé náà ò tíì kọ́ aráàlú pé ó wà.

Ó tún kù. Nínú WebGL, ẹ ti fún ìkànnì ní ọ̀nà láti mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni tó ń kọ áàpù lè fi sínú iṣẹ́ rẹ̀, failIfMajorPerformanceCaveat. Ó túmọ̀ sí pé bí yíyàwòrán yóò bá falẹ̀ jù lórí ẹ̀rọ yìí, kí bùráúsà má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìkànnì tó jẹ́ àlejò lórí ẹ̀rọ mi lè béèrè bí GPU mi ṣe wà, kí ẹ sì dá a lóhùn. Èmi tí mo fi owó mi ra ẹ̀rọ, ẹ ò dá mi lóhùn.

Kì í sì ṣe pé ẹ ò mọ bí a ṣe ń sọ fún èèyàn. Chrome ti mú ètò Energy Saver wá. Bí bátìrì bá ti bọ́ sí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, bùráúsà á dín iṣẹ́ tó ń ṣe lábẹ́lẹ̀ kù, á sì dín bí nǹkan ṣe ń rìn lójú kọ̀ǹpútà kù. Ewé kékeré kan á yọ lókè kí oníǹkan lè mọ̀ pé ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, kó sì pa á bó bá wù ú. Àwa tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́ mọ ewé yẹn dáadáa, torí ìgbà tí bátìrì bá ku ìdá 20 gan-an ni oníbàárà máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ewé bá lè yọ nítorí bátìrì, kí ló dé tí àmì kan ò lè yọ nítorí GPU?

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá lójoojúmọ́ ni pé, “Ẹ̀gbọ́n, bùráúsà wo ló yá jù?” Máàkì yín ni wọ́n ń gbójú lé, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí máàkì náà ń wọ̀n.

Speedometer 3, tí ilé iṣẹ́ yín jọ gbé jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ń wo bí áàpù ṣe ń tètè dáhùn nígbà tí a bá fọwọ́ kàn án: kí a fi nǹkan kún àtòjọ, kí a kọ ọ̀rọ̀, kí a ya ṣáàtì. Ìdánwò gidi ni, ẹni tó ń lo ìmeèlì yóò jàǹfààní rẹ̀. Pósítà oníléyà mẹ́wàá kò sí nínú rẹ̀. JetStream ń wo ìṣirò, JavaScript àti WebAssembly. Èyí kan Figma, kan Photopea, ṣùgbọ́n kò wo ohun tí GPU ń ṣe. MotionMark, tó jáde láti ilé WebKit, ló sún mọ́ iṣẹ́ wa jù. Á máa da nǹkan sójú kọ̀ǹpútà, á máa mú un pọ̀ sí i, títí bùráúsà ò fi ní lè ya àwòrán náà tó bó ṣe yẹ mọ́, ibi tó bá dúró sí ni máàkì rẹ̀. Síbẹ̀, WebGL ò sí lára àwọn ìdánwò tó fi ń ṣe máàkì náà, kì í sì í pẹ́ tó ohun tí yóò mú ẹ̀rọ gbóná. Bùráúsà kan lè ṣe ipò kìíní nínú ọ̀kan, kó ṣe ipò kẹta nínú èkejì, kí ẹnikẹ́ni má sì purọ́. Irúfẹ́ iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe ló yẹ kó yan ìdánwò fún un.

Orúkọ tó pọ̀ náà ń tan àwọn èèyàn jẹ. Chrome, Edge láti oṣù Kìíní ọdún 2020, Opera, Brave, Vivaldi, Samsung Internet: Blink ni ẹ́ńjìnnì gbogbo wọn. Tí a bá yọ Safari tó ń lo WebKit àti Firefox tó ń lo Gecko, kò sí ẹlòmíràn tó lẹ́nu ọ̀rọ̀. Lórí Windows pàápàá, Chrome, Edge àti Firefox ń gba ojú ọ̀nà kan náà dé ọ̀dọ̀ GPU: ANGLE ni wọ́n jọ ń lò láti sọ WebGL di Direct3D, èdè tí Windows fi ń bá GPU sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí iṣẹ́ WebGL kan bá ń falẹ̀ ní Chrome lórí ẹ̀rọ mi, ó ṣeé ṣe dáadáa kó falẹ̀ ní Edge àti Firefox. Ibi tí ìyàtọ̀ kù sí ni bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń ná RAM, bó ṣe ń tún JavaScript ṣe, àti orúkọ GPU tó wà nínú àkọsílẹ̀ ìdènà rẹ̀.

Ti iPhone tún le ju ìyẹn lọ. Òfin Apple ni pé WebKit ni gbogbo bùráúsà orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ lò. Ọmọ wa tó wà ní Houston tó ń sọ pé Chrome yá ju Safari lọ lórí iPhone òun, ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń fi wé ara rẹ̀. Àjọ Ilẹ̀ Yúróòpù ló fi òfin mú Apple títí ó fi ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ́ńjìnnì mìíràn lágbègbè tirẹ̀, pẹ̀lú iOS 17.4, ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Japan náà ṣe òfin tirẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹni tó ra fóònù kan náà ní owó kan náà ní Èkó kò sí nínú àdéhùn.

Ohun tuntun ti dé, WebGPU, tó ń jẹ́ kí ìkànnì lo GPU ju bí WebGL ṣe gbà á láyè lọ. Chrome àti Edge gbà á wọlé ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Firefox ní oṣù Keje ọdún 2025 lórí Windows, Safari ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn náà. Nígbà tí Chrome gbé e dé orí Android ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, Android 12 sókè ni, tí GPU rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Qualcomm tàbí ARM. Àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ní GPU PowerVR kò sí lára àwọn tí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn. Mo mọ̀ pé ibì kan la ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo kàn ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí ẹ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Mo mọ ohun tí ẹ lè fi dá mi lóhùn, ó sì tọ́ kí n gbọ́ ọ.

Ẹ ó ní nítorí ààbò ni àkọsílẹ̀ ìdènà yẹn fi wà, pé dráífà tó ti gbó lè mú kí bùráúsà kú lójijì, tàbí kó ṣílẹ̀kùn fún olè. Mo gbà. Mi ò ní kí ẹ tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ní kí ẹ sọ fún ẹni tí ẹ dè. Ẹ ó tún ní ohun tó bá yá lórí MacBook Pro yóò yá lórí láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ náà. Apá kan ìyẹn jẹ́ òótọ́: kóòdù tó bá dín iṣẹ́ kù, níbi gbogbo ló ti dín in kù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ẹ̀rọ alágbára gbà ń falẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀nà tí tiwa gbà ń falẹ̀. Lórí tiwọn, ìṣirò ló ń gba àkókò. Lórí tiwa, RAM á kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan lọ sórí díìsìkì, bùráúsà á pa táàbù mìíràn kó lè rí àyè, WhatsApp á tún ara rẹ̀ ṣí, dátà á tún jó. Ẹ̀rọ tó ní RAM 16GB kì í sábà rí ìṣòro yẹn, ìdánwò tí a ṣe lórí rẹ̀ kò sì lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ tún lè ní ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú pọ̀ lóríṣiríṣi, kí ni kí ẹ mú kí ẹ fi èwo sílẹ̀? Oríṣi fóònù pọ̀ nígbà tí ẹ mú Moto G fún Lighthouse, ẹ sì mú ọ̀kan. Ẹ ó ní ẹ ní ilé ìdánwò tí ẹ kó àwọn ẹ̀rọ kéékèèké sí. A gbàgbọ́. Ẹ jẹ́ ká rí máàkì wọn.

Ìgbà kan wà tí ìdíje yín ni àwọn aráàlú lára gan-an. Ní 2017, Google gbé Google Earth tuntun jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì, Chrome nìkan ló sì lè ṣí i, torí Native Client, ìmọ̀ ẹ̀rọ tí Google dá nìkan ń lò, ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó di oṣù Kejì ọdún 2020, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e wá sórí WebAssembly, kí Firefox, Edge àti Opera tó ráyè wọlé. Lọ́dún mẹ́ta yẹn, ẹni tó bá fi Firefox ṣí i kò lè sọ bóyá bùráúsà òun yá tàbí kò yá. Wọn ò jẹ́ kó kópa nínú eré náà. Ẹ̀yin tó ń kọ áàpù tó kún fún àwòrán, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún yín pẹ̀lú. Kí ẹ tó kọ “Ẹ lo Chrome” sí ojú ìwé yín, ẹ dán an wò nínú bùráúsà méjì mìíràn lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára. Àṣẹ yẹn máa ń tì wá síbi tí RAM wa ò gbé.

Kí ìdáhùn yín tó dé, mo fẹ́ bá àwọn tí a jọ wà nínú iṣẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo chrome://gpu tàbí about:support kí ẹ tó ra dátà tàbí kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ lọ fún ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ “Software only” lẹ rí, ẹ wá dráífà GPU yín tuntun, kí ẹ sì wò ó nínú Settings bóyá ẹnì kan ti pa ètò tó ń jẹ́ kí bùráúsà lo GPU. Ẹ má fi máàkì ẹlòmíràn yan bùráúsà. Ẹ ṣí iṣẹ́ yín gan-an nínú Chrome àti nínú Firefox, ẹ ṣe é fún ìdajì wákàtí, títí ẹ̀rọ á fi gbóná, lórí iná àti lórí bátìrì, ẹ ó rí èyí tó bá ẹ̀rọ yín mu. Bánà tí a ó gbé kọ́ sókè, tí èèyàn ó máa wò láti òdìkejì títì, kò nílò 300 dpi. Bí ẹ bá ya iṣẹ́ A3 yẹn ní 150 dpi, léyà kọ̀ọ̀kan á wálẹ̀ láti mẹ́gábáìtì 70 sí nǹkan bí 17. Opera Mini tí a fẹ́ràn torí pé kì í jẹ dátà, kì í ṣe fún irú iṣẹ́ yìí: tó bá ti wà níbi tó ti ń fún dátà pa jù, orí kọ̀ǹpútà tiwọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń ya ojú ewé kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí fóònù yín, irú ìkànnì tí ọwọ́ ń fà síhìn-ín sọ́hùn-ún kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún rèé. Èkíní, ẹ má kéde máàkì ìyára kankan mọ́ láìfi ti ẹ̀rọ méjì kún un: láàpútọ́ọ̀pù kan tó ní RAM 4GB àti GPU Intel ara CPU, pẹ̀lú fóònù Android kan tí owó rẹ̀ kò ga. Ẹ kọ orúkọ wọn, ẹ kọ iye tí wọ́n ń tà wọ́n. Èkejì, nígbàkígbà tí bùráúsà bá kọ̀ láti lo GPU, kí àmì kan yọ lókè, kí ó sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan tí ẹni tí kò kàwé kọ̀ǹpútà lè lóye, ní Yorùbá pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta, ẹ jọ jókòó bí ẹ ṣe jókòó nítorí Speedometer 3, kí ẹ ṣe ìdánwò kan fún iṣẹ́ àwòrán ńlá: tí WebGL wà nínú rẹ̀, tí léyà rẹ̀ pọ̀, tí yóò pẹ́ tó láti mú ẹ̀rọ gbóná, tí a ó sì ṣe lórí bátìrì. Ẹ̀kẹrin jẹ́ ti Apple nìkan: ohun tí òfin mú yín ṣe fún àwọn ará Yúróòpù, ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe é fún wa.

Kò sí èyí tó nílò ìmọ̀ tí ẹ ò tíì ní nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Moto G wà nínú Lighthouse, ewé wà lókè Chrome, àtòjọ GPU wà nínú bùráúsà, ẹ sì ti fi Speedometer hàn pé ẹ lè jókòó sídìí tábìlì kan. Títí ẹ ó fi ṣe é, bí ẹ bá tún kéde pé bùráúsà yín ló yá jù lágbàáyé, orúkọ ẹ̀rọ tí ẹ fi wọ̀n ọ́n la ó kọ́kọ́ wá. Bí kò bá sí irú tiwa níbẹ̀, a ó mọ̀ pé kì í ṣe àwa lẹ ń bá sọ̀rọ̀, a ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá bi wá léèrè bùráúsà tó yá jù.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ayàwòrán kan ní Ṣómólú, Ìpínlẹ̀ Èkó.